Títún Ẹ́ńjìnnì àti Gíábọ́ọ̀sì Peugeot 504 Tò: Àgbéyẹ̀wò láti Muchia

Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí gbé kalẹ̀ kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gùn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ tó ti fìgbà kan rí jẹ́ akọni lójú títì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì, tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń han goorogo bí awakọ̀ bá ti fọwọ́ kan ọ̀pá gíà, kí ni ohun náà gan-an tó máa ń dá agbára rẹ̀ padà? Àwọn kan gbà pé ẹ̀yà tuntun ni, àwọn mìíràn ní ọwọ́ mekáníìkì ni, àwọn tó sì pọ̀ jù lóde òní gbà pé kò sí ohun tó lè dá a padà mọ́ àfi kí wọ́n yọ ọ́ dànù, kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀. Èrò tí àgbéyẹ̀wò yìí dúró lé ni pé ìwọ̀n ló ń dá agbára padà, ìyẹn ni pé kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ àlàfo tó wà láàárín irin kan àti èkejì, títí dé ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà, kí ó tó dè wọ́n pa. Nítorí ẹ̀yà tuntun tí wọn kò wọ̀n kò ju irin tó ń dán lọ.

Muchia jẹ́ àdúgbò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Sabon Gari, ní Zaria, níbi tí Yorùbá, Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń bá Hausa gbé pọ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Èdè tí ọ̀gá fi ń pe ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ọkọ̀ lè jẹ́ Yorùbá láàárọ̀, kí ó di Hausa lọ́sàn-án, mekáníìkì kan náà ni bakanike. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ bá délẹ̀ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, Peugeot 504, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Pijó, ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà, nítorí Kaduna tí wọ́n ti ń tò ó jọ nígbà kan rí kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ sí Zaria.

Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tó sì di 1969 wọ́n fún un ní oyè ọkọ̀ tó ta yọ jù lọ ní Yúróòpù lọ́dún náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PAN, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ ní Kaduna láti inú àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí wọ́n ti dáwọ́ títò ọkọ̀ 504 fún èrò dúró ní Yúróòpù ní 1983, Kaduna ṣì ń tò ó, wọ́n sì ń bá a lọ títí di 2006, tí iye 504 tí wọ́n tò jọ ní Nàìjíríà fi tó nǹkan bí 425,000. Ọkọ̀ ìjọba ni, ọkọ̀ olùkọ́ yunifásítì ni, èyí tó sì gùn lẹ́yìn nínú wọn ló ń kó èrò láti ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí 504 kò fi jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń tì mọ́lé fún wíwò. Irin iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn mọ ìró rẹ̀ láti òkèèrè ni.

Ó yẹ kí á tọ́ka sí ohun tí a ń pè ní ẹ́ńjìnnì alágbára níhìn-ín, nítorí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ti ibẹ̀ wá. Nínú ìdíje Safari ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sáré nínú erùpẹ̀ àti ẹrẹ̀, Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní ní 1975, Jean-Pierre Nicolas sì fi 504 tó ní ẹ́ńjìnnì V6 onísílíńdà mẹ́fà gbà á ní 1978. Kì í ṣe pé 504 ti Andersson lágbára ju gbogbo ọkọ̀ tó bá a díje lọ. Agbára tirẹ̀ kò tán lójú ọ̀nà ni. Nítorí náà, nínú àgbéyẹ̀wò yìí, ẹ́ńjìnnì alágbára ni èyí tó lè fúnni ní gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀, ní ooru ọ̀sán, pẹ̀lú ẹrù, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, láìyí ìró padà.

Iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe kò ju mẹ́rin lọ: ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo mu, ó ń fún un pọ̀, ó ń jó o, ó sì ń tu èéfín rẹ̀ dànù. Ihò mẹ́rin tí a ń pè ní sílíńdà ni iṣẹ́ yìí ti ń lọ nínú 504 tó wọ́pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ jáde, ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 84 mílímítà, písítìnì, ìyẹn irin tó ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀, sì ń rin 81 mílímítà, tí àpapọ̀ àyè inú rẹ̀ fi jẹ́ 1,796 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ ihò náà sí 88, láìyí ìrìn písítìnì padà, ó sì di 1,971. Ẹ́ńjìnnì ńlá yìí, bó ṣe jáde pẹ̀lú kabúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń pò epo mọ́ afẹ́fẹ́, ń mú agbára ẹṣin tó lé díẹ̀ ní 90 wá. Zaria ga ju òkun lọ tó nǹkan bí 650 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ju ti Èkó lọ ní bí ìdá 6 nínú 100, nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ wà ní pípé, díẹ̀ ti dín nínú agbára rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò níwájú ilé, ẹni tó ń tò ó kò sì ní ohun kankan tó lè fi ṣòfò.

Ibi tí 504 ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tó sì mú kí ó bá ilẹ̀ yìí mu, ni láínà. Láínà jẹ́ páìpù irin tó nípọn tí písítìnì ń lọ bọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, inú búlọ́ọ̀kù gan-an, ìyẹn irin ńlá tó gbé gbogbo ẹ̀yà yòókù ró, ni wọ́n ti gbẹ́ ihò náà, tó fi jẹ́ pé bí ihò bá ti gbó, dandan ni kí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú 504, ṣe ni láínà dá dúró, omi rédíétọ̀ sì yí i ká, bí òpó tó dúró láàárín odò. Wọ́n ń ta láínà mẹ́rin àti písítìnì mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti bá ara wọn mu, mekáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ ńlá kankan sì lè yọ ti àtijọ́, kí ó fi tuntun sí i lábẹ́ igi máńgòrò. Ọpọlọ ńlá ló wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí á yin àwọn tó ronú rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tó mú kí ó rọrùn náà ló mú kí ó rọrùn láti bà jẹ́. Ìdí láínà ni èdìdì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí kò jẹ́ kí omi bọ́ sínú ọ́ìlì, orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ kọjá ojú búlọ́ọ̀kù, ní ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà, kí tọ́pù sílíńdà, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnnì, lè rí i tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èdìdì pẹlẹbẹ tó wà láàárín wọn. Bí láínà kan bá rì ju èkejì lọ, gásíkẹ́ẹ̀tì kò ní fún un pa, iná yóò wá ojú àlàfo yẹn jáde, omi yóò sì wọlé. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé: wọ́n á fi abẹ tí kò mú ha ìpata àti ìyókù èdìdì àtijọ́ kúrò ní ìjókòó láínà títí irin yóò fi funfun, wọ́n á gbé láínà tuntun sí i láìtíì fi písítìnì sí i, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá gbé aago ìwọ̀n kékeré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ abẹ́rẹ́, sójú búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì rọra fà á gun etí láínà. Bí abẹ́rẹ́ náà ṣe gòkè ni gíga láínà. Wọ́n á ṣe é ní ojú mẹ́ta lórí láínà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú yìí ni wọ́n sábà máa ń fò, òun náà ló sì máa ń mú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tò lánàá funfun bí ògì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àṣìṣe kejì tó fara pẹ́ ẹ ni kí wọ́n yọ tọ́pù sílíńdà, bóyá nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan, kí wọ́n sì yí ẹ́ńjìnnì láìfi nǹkan tẹ láínà mọ́lẹ̀. Písítìnì yóò gbé láínà sókè díẹ̀, èdìdì ìsàlẹ̀ yóò fà ya, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí omi yóò fi dé inú ọ́ìlì.

Tọ́pù sílíńdà 504 jẹ́ alumíníọ̀mù, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sì jẹ́ irin dúdú, bí ooru bá sì mú wọn, alumíníọ̀mù a máa gbòòrò ju irin lọ. Ọkọ̀ tó bá ti gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè mú kí tọ́pù náà tẹ̀. Wọ́n á fi rúlà irin tó gún régé lé e ní gígùn, ní ìbú àti ní ìdábùú, kí wọ́n sì wò ó bóyá abẹ irin ìwọ̀n tó fẹ́lẹ́ bíi bébà lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá gbà á, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ agbẹ́rin fún fífá. Fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde, ni wọ́n á fi gíríìsì oníyanrìn lọ̀ mọ́ ìjókòó rẹ̀ títí àmì eérú kan ṣoṣo yóò fi yí i po láìjá. Lẹ́yìn náà wọ́n á dojú tọ́pù kọ òkè, wọ́n á bu kẹrosíìnì sí ojú iná, wọ́n á sì dúró. Fáàfù tí kẹrosíìnì kò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń dè é padà, àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele-ìpele, pẹ̀lú sípánà onídíwọ̀n tó ń sọ bí agbára ọwọ́ ṣe pọ̀ tó. Mekáníìkì tó bá sọ pé ọwọ́ òun ti mọ̀ ọ́n lè máa sọ òótọ́ nípa bóòtì kan. Nípa bóòtì mẹ́wàá, ó di orí ire.

Kíráǹkì, irin yíyí tó ń sọ lílọ sókè-sódò písítìnì di yíyípo, ń yí lórí bẹ́ẹ̀rìn, ìyẹn abala irin rírọ̀ tí ọ́ìlì ń sàn kọjá lójú rẹ̀. Irin méjèèjì kò gbọdọ̀ kan ara wọn. Ọ́ìlì ló gbọ́dọ̀ gbé wọn sọ́tọ̀. Òfin tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ni pé kí àlàfo náà súnmọ́ ìdá kan nínú 1,000 ìbú irin yíyí náà, tó túmọ̀ sí pé bí ìbú bá jẹ́ 50 mílímítà, àlàfo kò ní ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà lọ. Èyí kéré ju okùn irun orí kan lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ojú kò sì lè rí i. Màíkíròmítà nìkan ló lè sọ ọ́. Ríǹgì písítìnì náà ní òfin tirẹ̀: nínú ihò 88 mílímítà, ẹnu ríǹgì yẹ kí ó ṣí tó nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà nígbà tí wọ́n bá fi sínú láínà, nítorí bí ó bá ṣí jù, èéfín yóò gbà á lọ, bí ó bá sì há jù, ooru yóò mú kí ẹnu méjèèjì pàdé, ríǹgì yóò sì ha láínà tuntun bí èékánná.

Ó wọ́pọ̀ kí ẹni tó fẹ́ agbára púpọ̀ ní kí wọ́n fá tọ́pù sílíńdà ju bó ṣe yẹ lọ, kí afẹ́fẹ́ lè túbọ̀ fún pọ̀, tàbí kí ó máa tẹ ẹ́ńjìnnì kọjá ibi tí wọ́n dá a sí. Àgbéyẹ̀wò yìí kò fara mọ́ èkíní ní Zaria, níbi tí ooru ẹ̀ẹ̀rùn ti gbóná janjan, tí kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí epo tí wọ́n ń ta lójú títì. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fún pọ̀ jù yóò máa jó epo kí àkókò tó tó, yóò sì máa dún bí ìṣó nínú agolo bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ìró yẹn sì ni ti písítìnì tó ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ti èkejì, ìṣirò lásán ti tó: nígbà tí ẹ́ńjìnnì yìí bá ń yí ní ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, písítìnì kọ̀ọ̀kan ń rin mítà 13 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí wọ́n bá sì gbé e dé 6,000, agbára tó ń fa kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìnì mọ́ kíráǹkì, kì í lọ sókè ní ìdá 20, ìdá 44 nínú 100 ni. Àlàfo fáàfù tó pé, 0.10 mílímítà fún ti afẹ́fẹ́ àti 0.25 fún ti èéfín nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, pẹ̀lú kabúrétọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò gba ìdí ọ̀pá rẹ̀ wọlé, ń dá agbára púpọ̀ padà ju ìyẹn lọ.

Ọ̀tá tó burú jù ni erùpẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ọyẹ́, tí Hausa ń pè ní hunturu, máa ń gbé ìyẹ̀pẹ̀ aṣálẹ̀ wá bo Zaria, bí fílítà afẹ́fẹ́ bá sì ya tàbí tí rọ́bà ẹnu rẹ̀ kò bá pa, ìyẹ̀pẹ̀ yìí yóò pò mọ́ ọ́ìlì láàárín ríǹgì àti láínà, yóò sì di ohun tí wọ́n fi ń lọ̀ fáàfù gan-an. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tò dáadáa ní oṣù kẹsàn-án lè gbó kí ó tó di Àjíǹde.

Gíábọ́ọ̀sì ni èyí tí wọ́n ń fojú kéré jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìwọ̀n tó wù ú nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí ní ìwọ̀n tirẹ̀, ti 504 àtijọ́ sì ní gíà mẹ́rin síwájú, tí awakọ̀ ń fi ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìtọ́kọ̀ yí. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ gíábọ́ọ̀sì yìí kalẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ àwọn búṣì àti ọ̀pá kéékèèké tó gba abẹ́ ìtọ́kọ̀ lọ sídìí rẹ̀ wò, nítorí gíà tí kò wọlé dáadáa lè jẹ́ ẹ̀bi búṣì tó ti jẹ, sísọ ọ́ kalẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré: ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn wà nínú páìpù tó dè mọ́ ìdí gíábọ́ọ̀sì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn kí ó tó lè jáde. Ìró gíábọ́ọ̀sì máa ń sọ ibi tó ń dun ún fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀. Gíà kẹrin ń so ọ̀pá iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn tààrà, láìgba ọ̀pá abẹ́ kọjá. Nítorí náà bí ariwo bá wà ní gíà kìíní sí ìkẹta, tó sì dákẹ́ ní ìkẹrin, ọ̀pá abẹ́ tàbí bẹ́ẹ̀rìn rẹ̀ ni. Bí ó bá ń dún nígbà tí ọkọ̀ dúró láìsí gíà, tó sì dákẹ́ bí wọ́n bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀rìn iwájú ni.

Híhan nígbà tí wọ́n bá ń wọ gíà jẹ́ ọ̀rọ̀ sínkírò, ìyẹn òrùka bàbà tó ń ṣe bíi búrékì láàárín gíà méjì tí ìyára wọn kò dọ́gba, kí wọ́n tó wọnú ara wọn. Wọ́n á fi ọ́ìlì díẹ̀ pa orí gíà, wọ́n á gbé òrùka náà lé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka, wọ́n á sì yí i. Òrùka tó ṣì dára yóò di gíà mú gírígírí, bí ọmọrí ìgò. Èyí tó ti gbó yóò kàn máa yọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eyín gíà. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mekáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lórí ọkọ̀ mìíràn kì í gbà gbọ́: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni Peugeot ní kí wọ́n máa dà sínú gíábọ́ọ̀sì 504. Ọ́ìlì gíà tó ki bí oyin, tí àwọn ènìyàn ń dà sí i láti fi pa ariwo mọ́, kì í jẹ́ kí sínkírò rí gíà mú, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́, àwọn èròjà kan tó wà nínú irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ bàbà. Bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti wò ó sàn ni wọ́n ń pa á.

Nípa ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, àwọn tó fara mọ́ ọn ní ìdí tó lágbára: ó yá, ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun kò lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjà sì kún fún un láti Ladipo ní Èkó títí dé Kaduna. Kò sí ẹni tó yẹ kí ó bú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ra ohun tí wọn kò rí inú rẹ̀, tí ọdún àti erùpẹ̀ ti lò kí ó tó dé, bí ó bá sì jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fẹ́ kì bọ inú 504, ìjókòó ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì àti páìpù ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọn yóò gé, tí wọn yóò sì jó pọ̀, títí ọkọ̀ náà kò fi ní ní ìwé kankan tó ṣàlàyé rẹ̀ mọ́. Fún ẹni tó fẹ́ kí 504 rẹ̀ ṣì jẹ́ 504, títú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ palẹ̀ àti wíwọ̀n ọ́n ló dára jù, àyàfi bí búlọ́ọ̀kù bá ti là.

Ohun tó ń dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Zaria kò ṣaláìní ìmọ̀. Yunifásítì Ahmadu Bello wà níbẹ̀ láti 1962, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ti ń kọ́ ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì onípísítìnì pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ fún gbogbo ìwọ̀n, wà níbẹ̀ láti 1964, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìrìnnà sì dé ní 1986. Ọmọ iṣẹ́ tó wà ní Muchia ń kọ́ pẹ̀lú ojú àti ọwọ́, ó sì lè mọ ìró ẹ́ńjìnnì ju ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ láìtíì di màíkíròmítà mú rí. Kìlómítà díẹ̀ ló wà láàárín Muchia àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá lè ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìwọ̀n rẹ̀ fún àwọn mekáníìkì àdúgbò ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n gbé kíráǹkì àti láínà wọn wá, ìyẹn yóò gba ẹ́ńjìnnì là ju ọjà ẹ̀yà tuntun lọ.

Iṣẹ́ kò tíì tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn. Nínú 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, tó tó nǹkan bí ìrìn Zaria sí Kano ní àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ríǹgì àti láínà ṣì ń mọ ara wọn, kò sì yẹ kí awakọ̀ máa wa ọkọ̀ ní ìyára kan ṣoṣo. Kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀, kí ó máa ṣẹ́, láìsí ẹrù ńlá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á tún tọ́pù sílíńdà dè bí ìwé ṣe sọ, wọ́n á tún àlàfo fáàfù wọ̀n, wọ́n á sì tu ọ́ìlì sínú abọ́ funfun, kí wọ́n gbé e sójú oòrùn. Bí ó bá dúdú, tí ó sì ń tàn wínníwínní díẹ̀, ìyẹn kò burú. Irin tuntun ló ń dán ara wọn. Bí ègé irin bá wà tí ìka lè mú, wọ́n á tún sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.